Kí O Tó Ra Katana: Idà Japan, Ìwé Rẹ̀, àti Òfin Tó Dè É

Ẹni tó wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ki ẹ́ẹ̀píìsì bọ etí níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá ò mọ̀, gbogbo yín pátá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò náà lẹ ń kà yìí. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò wa ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ nìkan ni mo gé kúrò.

Ìbéèrè ọ̀kan nínú yín ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Arákùnrin náà ní kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ń kàwé ní Leeds, ní Ìlú Ọba. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo anime, ó ní òun ti wo Demon Slayer tán lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wù òun kí òun ní katana kan tí òun á fi kọ́ ara ògiri yàrá òun. Ó rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 80 pọ́ùn. Òǹtajà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ojúlówó idà samurai ni, pé ọwọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́, pé ìgbà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ká irin rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n rà á?"

Mo ní kó dúró ná. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ìgbádùn rẹ̀ jẹ́ o. Èmi náà ń wo Zoro nínú One Piece, mo mọ bó ṣe ń rí lára téèyàn bá rí ẹni tó ń fi idà mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n irọ́ tó wà nínú ohun tí òǹtajà yẹn kọ ju ẹyọ kan lọ, àti pé níbi tí arákùnrin wa ń gbé, idà 80 pọ́ùn yẹn lè gbé e dé iwájú adájọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi "ìgbà ẹgbẹ̀rún" yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ìṣirò lásán ló máa tú u. Tí o bá ká irin lẹ́ẹ̀kan, ó di ìpele 2. Tí o tún un ká, ó di 4. Tó bá di ìgbà 10, ìpele 1,024 lo ní. Tó bá di ìgbà 15, ó ti di 32,768. Láàárín ìgbà 10 sí 15 yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ Japan sábà máa ń dúró sí. Tí ẹnìkan bá wá ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lòun ká a, iye ìpele tó máa jáde jẹ́ nọ́ńbà tó gùn ju 300 díjíìtì lọ. Ẹni tó kọ ìpolówó yẹn kò jókòó ṣirò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpele ẹgbẹ̀rún ni ẹnìkan sọ fún un, tó wá pè é ní ìgbà ẹgbẹ̀rún.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ká irin náà pàápàá? Irú irin tí wọ́n ní ló fà á. Láti ayébáyé, iyanrìn dúdú tí irin wà nínú rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ Japan gbára lé. Satetsu ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á da iyanrìn yìí pẹ̀lú èédú sínú iléru alámọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tatara, iná náà kò sì ní kú fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Tó bá pé, wọ́n á wó iléru náà, wọ́n á bá odidi irin gbàǹgbà kan nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa èyí tó dára jù, tí wọ́n ń pè ní tamahagane. Iléru tó ń pèsè rẹ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ idà lónìí wà ní Okuizumo, ní ìpínlẹ̀ Shimane. Ọdún 1977 ni wọ́n tún un gbé dìde, ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n sì ń dáná níbẹ̀. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 10 iyanrìn àti tọ́ọ̀nù 12 èédú ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, irin tó ń jáde kì í ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.5, èyí tó sì yẹ fún idà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹwìrì rí nílé àgbẹ̀dẹ á mọ̀ pé èédú tọ́ọ̀nù 12 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Irin tó jáde yìí kò dọ́gba. Apá kan le, apá kan rọ̀, ìdọ̀tí sì tún wà láàárín. Kíká tí wọ́n ń ká a ló ń jẹ́ kó dọ́gba, tó sì ń lé ìdọ̀tí jáde. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń gún iyán. Iyán tó bá ní kókó, ẹ mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Idà tó bá ní kókó, ibi kókó yẹn ló máa ti kán. Irin tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe lóde òní ti dọ́gba láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò nílò kíká kankan. Tí o bá rí i tí wọ́n ká a, tí ara rẹ̀ rí bí ara igi tí wọ́n là, ẹwà ni wọ́n ń wá. Kò burú, ṣùgbọ́n má san owó agbára fún ẹwà.

Ní báyìí, orúkọ "katana" yìí, nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n ń fi pè lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Irin tí kì í dípẹtà ni, ìbátan irin tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí. Ibi tó wọ inú èékù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, wọ́n sì sábà máa ń wẹ́ẹ́dà rẹ̀ mọ́ ọn ni. Tó bá wà lára ògiri, kò sí wàhálà. Tí àwọn ọ̀rẹ́ bá wá kí ọ, tí ẹnìkan fà á yọ láti fi ṣe bíi ti Zoro, irin náà lè já kúrò lára èékù, kó fò lọ bá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìkejì ni èyí tó mú lóòótọ́, tí wọ́n fi irin gidi ṣe, àmọ́ tí kì í ṣe ti Japan. Púpọ̀ nínú wọn ń wá láti Longquan, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Zhejiang ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń rọ idà láti ayébáyé. Tí ẹ bá rí 1060 tàbí 1095 nínú ìpolówó, ìwọ̀n carbon inú irin ni nọ́ńbà yẹn ń sọ: 0.60 tàbí 0.95 nínú ọgọ́rùn-ún. Irinṣẹ́ ni irú idà yìí, ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹní tí wọ́n ká lè fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò bá àwọn ará Longquan jà. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó gbé e síwájú rẹ tó ní láti Japan ló ti wá.

Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé Japan fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rí i. Òfin wọn nípa ìbọn àti idà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1958, kò fàyè gba idà onírin tó mú àfi tó bá ní ìforúkọsílẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọnà tàbí ohun àtijọ́ nìkan ni wọ́n sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ iaidō níbẹ̀ fi ń lo iaitō, idà tí wọ́n fi zinc àti aluminium dà, tí kò lójú. Gbé katana 80 pọ́ùn rẹ dé pápákọ̀ òfuurufú Tokyo, àwọn aṣọ́bodè ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀.

Ìkẹta ni nihontō, idà Japan gan-an. Ìjọba ló ń fún ẹni tó ń rọ ọ́ ní ìwé àṣẹ. Ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọdún 5 lábẹ́ ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ, kó tún yege níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà ń ṣe fún wọn. Tó bá gba ìwé àṣẹ tiẹ̀ tán, idà gígùn 2 péré ni wọ́n gbà á láyè láti rọ lóṣù kan. Ẹ wá dá a rò fúnra yín. Ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́, idà 2 lóṣù, èédú tí kò lópin. Ta ló máa tà á ní 80 pọ́ùn?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ibi tí iná ti ń pàdé omi. Tí idà bá ti ní ìrísí tán, alágbẹ̀dẹ á fi amọ̀ ra á lára: amọ̀ tó nípọn lẹ́yìn, amọ̀ fẹ́lẹ́ lójú. Á pa iná yàrá, kó lè rí àwọ̀ tí irin ń mú jáde dáadáa. Tí àwọ̀ náà bá ti rí bó ṣe fẹ́, á rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú idà tí amọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ á tutù wàrà, á le gan-an. Ẹ̀yìn tí amọ̀ bò á rọra tutù, kò ní le tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí idà tètè kán. Irin tó le yẹn sì máa ń fẹ̀ ju èyí tí kò le lọ, nítorí náà idà á tẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nínú omi. Títẹ̀ tí ẹ ń wò lára katana, omi ló parí rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbọ́ "tá!" nínú omi. Ó ti là nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan iṣẹ́ ti wọgbó, kò sí ẹni tí wọ́n máa bínú sí.

Ààlà tó wà láàárín irin líle àti irin rírọ̀ ni wọ́n ń pè ní hamon, ìlà funfun tó ń lọ bí ìgbì lára idà. Lára ayédèrú, ásíìdì tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ni wọ́n fi ń ya á. Gbé idà sábẹ́ gílóòbù kan, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Hamon gidi á máa jí, á máa sùn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí, wàá rí àwọn ohun wínníwínní tó ń tàn bí iyanrìn tí oòrùn kàn. Èyí tí wọ́n yà á dúró síbẹ̀ gbagidi bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

Alágbẹ̀dẹ nìkan kọ́ ló sì ń jẹun lórí idà kan. Ẹni tó ń fi òkúta àti omi dán an wà lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ àkọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń fi òwú sílíìkì wé èékù lórí awọ ẹja wà lọ́tọ̀. Idà tuntun láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó lórúkọ sábà máa ń ju mílíọ̀nù kan yen lọ. Idà àtijọ́ kékeré, wakizashi, èèyàn lè rí i ra ní ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀. Lókè téńté, ní 2020, ìlú Setouchi ní Okayama san mílíọ̀nù 500 yen fún ẹyọ idà kan, Sanchōmō, tí wọ́n rọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún 13. Àwọn èèyàn dá owó sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má rò pé àwọn bàbá arúgbó nìkan ló ń dá irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 2015 ni géèmù kan jáde ní Japan, Touken Ranbu, tó sọ àwọn idà ìgbàanì di ọ̀dọ́kùnrin arẹwà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọbìnrin ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́mù láti wo idà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn alágbẹ̀dẹ kan béèrè owó láti tún Hotarumaru rọ, idà ojúbọ Aso tó ti sọnù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Owó tí wọ́n rí ju èyí tí wọ́n béèrè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìtàn idà náà dùn: wọ́n ní ẹni tó fi jagun sùn lẹ́yìn ogun, ó lá àlá pé tanátaná bà lé ojú idà tó ti ya, nígbà tó jí, ojú idà ti pé padà. Mo ti kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà.

Tó bá jẹ́ nihontō lo fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, ibẹ̀ sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Oríṣi ìwé méjì ló wà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Èkíní ni tōrokushō, káàdì ìforúkọsílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ń fúnni (bẹ́ẹ̀ ni, ètò ẹ̀kọ́, ẹ má bi mí). Gígùn idà, bó ṣe tẹ̀ tó, iye ihò tó wà níbi tó wọ inú èékù, àti orúkọ tí wọ́n fín sára rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí káàdì yìí ń sọ ni pé idà báyìí-báyìí wà lábẹ́ òfin. Kò sọ pé orúkọ tí wọ́n fín sára idà náà jẹ́ òótọ́. Òǹtajà tó bá nawọ́ káàdì yìí sí ọ tó ní "ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni rèé" ti fẹ́ fi àìmọ̀ rẹ jẹun.

Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojúlówó ni ti NBTHK, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo iṣẹ́ idà ní Japan. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọn á yẹ idà wò, wọ́n á sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ àti ilé àgbẹ̀dẹ tó ti wá. Ìpele ìwé wọn ń gòkè láti Hozon dé Tokubetsu Hozon, ó dé Jūyō, ó parí sí Tokubetsu Jūyō. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí idà àtijọ́ bá ti ní Hozon, ẹsẹ̀ rẹ ti kan ilẹ̀. Tí kò bá ní ìwé kankan, tí òǹtajà sì ń pariwo orúkọ ńlá, sáré.

Orúkọ ńlá gan-an ni pàkúté. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń fín orúkọ alágbẹ̀dẹ olókìkí sára idà ẹlòmíràn. Àwọn ará Japan ní orúkọ fún un, gimei. Masamune wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fín. Ẹni tó bá sì ní Masamune tí gbogbo ayé ń wá lòun ń tà, Honjō Masamune, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá. Lẹ́yìn ogun, ní December 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gba idà lọ́wọ́ ará ìlú, ìdílé Tokugawa fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Mejiro, ní Tokyo. Látìgbà tí ó ti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ibi tó wọ inú èékù, tí wọ́n ń pè ní nakago, ẹnikẹ́ni kì í nù ún, kì í dán an, kì í fi epo kankan bó ìpẹtà rẹ̀. Ìpẹtà yẹn ni ọjọ́ orí idà. Onímọ̀ á wo àwọ̀ rẹ̀, á wo bó ṣe wọ inú orúkọ tí wọ́n fín, á sì mọ̀ bóyá àná ni wọ́n fín in tàbí ayé àwọn baba ńlá. Ọmọ tó jogún idà tó sì fi sáńpépà dán nakago rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé owó ńlá sọnù. Ìka ọwọ́ pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ kan ojú irin náà, torí òógùn máa ń mú un dípẹtà. Aṣọ ni wọ́n fi ń gbé e.

Bákan náà, idà tó wà ní Japan kì í dédé kúrò níbẹ̀. Òǹtajà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ àṣà kan náà tí mo mẹ́nu bà, kó sì dá tōrokushō padà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Èyí tí ìjọba bá ti pè ní ìṣúra orílẹ̀-èdè, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n tà á sí òkèèrè. Nítorí náà, ẹni tó ní láti Tokyo lòun wà, pé sanwó lónìí, ọ̀la lòun máa fi ránṣẹ́ sí ọ, bi í léèrè nípa ìwé àṣẹ yẹn. Tó bá ń ká ọ̀rọ̀ lẹ́nu, o ti gba ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká dé Leeds wàyí. Láti April 6, 2008, òfin England àti Wales ti sọ idà tó tẹ̀, tí ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà tàbí kó wọ̀lú. Ojú katana kan sì máa ń ju 60 lọ. Nígbà tó di July 2021, wọ́n fi kún un: kéèyàn ní in sínú ilé pàápàá ti di ẹ̀ṣẹ̀, kò tíì di pé ó gbé e jáde. Àmọ́ òfin náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Idà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò sí lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ ṣáájú 1954, tàbí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ní ìlànà ìbílẹ̀ nígbàkígbà, ẹni tó ní in lè fi ìyẹn gbèjà ara rẹ̀. Ààyè wà fún ìdí ẹ̀sìn àti eré ìdárayá náà.

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú? Idà olówó gọbọi tó mú jù lọ, tó ní ìwé, òfin fàyè gbà á. Ti 80 pọ́ùn, tí ilé iṣẹ́ gé jáde bí páànù, òun gan-an ni òfin ń wá. "Ọwọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́" tí òǹtajà kọ sábẹ́ àwòrán kò lè gbà ọ́, torí tí ọlọ́pàá bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa bi léèrè ẹ̀rí, òǹtajà sì wà níbi tí ọwọ́ wọn ò tó. Fún ọmọ ilé ìwé tó ń gbé lórí físà, ẹ̀sùn níní ohun ìjà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fáìnì kékeré parí. Ẹni tó bá sì ní tòun kò tẹ̀, pé idà "ninja" gbọọrọ lòun fẹ́, wọ́n ti fòfin de ìyẹn náà láti August 1, 2025.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé òfin òyìnbó ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ohun tó bí i. Òfin ti August yẹn, orúkọ ọmọ ọdún 16 kan ni wọ́n fi ń pè é. Ní 2022, ní Wolverhampton, wọ́n ṣì í mú fún ẹlòmíràn, wọ́n sì fi idà pa á nítòsí ilé àwọn òbí rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó pa á ti ra idà náà, ọmọdé bíi tiẹ̀ ni. Ní April 30, 2024, ní Hainault, apá ìlà-oòrùn London, ọmọ ọdún 14 kan ń lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ọkùnrin kan tó gbé idà bíi ti samurai lọ́wọ́ pàdé rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni orúkọ ìdílé ọmọ náà. Mi ò ní pè é níbí, àwọn òbí rẹ̀ ti gbọ́ ọ tó lẹ́nu àwọn oníròyìn.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Leeds, má rà á. Kì í ṣe "ronú sí i", má rà á. Tó bá jẹ́ ìrísí rẹ̀ lo fẹ́ lára ògiri, ra ti onígi, bokutō, èyí tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ idà fi ń gbára dì. Tó bá wá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan owó ńlá dé, ojúlówó sì ló wù ọ́, ra wakizashi tó ní Hozon lọ́wọ́ òǹtajà tó ní ṣọ́ọ̀bù téèyàn lè wọ̀. Kó gbogbo ìwé rẹ̀ pamọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ ti lè tètè tó o.

Fún ẹ̀yin yòókù tí ọkàn yín ṣì ń fà sí nǹkan gidi láti ilé alágbẹ̀dẹ Japan, ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò: tsuba. Pẹrẹsẹ irin tó wà láàárín èékù àti ojú idà ni, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lọ sójú irin. Láàárín 1603 sí 1868, nígbà tí ogun ti rọlẹ̀ ní Japan, àwọn oníṣẹ́ ọnà fi gbogbo ọgbọ́n wọn sára rẹ̀: ẹyẹ, ewé, òṣùpá, ìgbì omi, tí wọ́n fín tàbí tí wọ́n gbẹ́ jáde lára irin. Kò lójú, kò mú, nítorí náà kò nílò tōrokushō. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́, ó wọ àpótí kékeré, ó sì dùn ún kọ́ ògiri. Èyí tó jẹ́ irin lásán tí kò ní orúkọ oníṣẹ́ lára, owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti katana irọ́ yẹn, ó sì lè ti lo igba ọdún láyé. Ẹ má tìtorí pé ó dúdú kí ẹ fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ o. Àwọ̀ dúdú yẹn, àwọn tó ní in ṣáájú yín ló mú un jáde pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti sùúrù; aṣọ rírọ̀ náà ni kí ẹ̀yin pẹ̀lú máa fi nù ún.

Ibi tí mo máa dé lónìí nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, dátà ń jẹ owó. Ó dìgbà kan ná.